Téèpù Tí Mo Yọ Lójú Awò Rẹ

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀ bó bá jẹ́ àárọ̀ ni lẹ́tà yìí dé ọwọ́ rẹ, mo kí ọ kú ìrọ̀lẹ́ bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, mo sì kí obìnrin inú fóònù rẹ pẹ̀lú, nítorí mi ò mọ̀ bóyá òun ló ń kà á sí ọ létí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ yóò gbà ọ́, ẹni tó bá sì ní kí o má ríran, òun náà kò ní rí ọ̀nà ilé rẹ̀. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n fi àmín tòun kún un, nítorí náà, àmín lẹ́ẹ̀kan sí i.

Má jẹ́ kí títóbi lẹ́tà yìí dẹ́rù bà ọ́. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ, o sọ fún mi pé lẹ́tà gàdàgbà lojú rẹ ń fẹ́, kó dúdú kirikiri lórí funfun, kí àyè sì wà láàárín. Bírò kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi kọ ọ́, èyí kékeré tí mo fi ń kun etí fèrèsé, ẹ̀yìn àwọn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo sì kọ ọ́ sí. Bí mo bá ti kọ ojú ìwé kan tán, mo máa ń sá a sórí okùn pẹ̀lú aṣọ kó lè gbẹ. Gbogbo àdúgbò ló ti ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lójú ọ̀nà ní àdúrà yẹn dùn, òun ti ṣe àmín tòun, kí n tètè sá èyí tó kù kí òun tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ti lọ bi akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ bóyá wọ́n á gbà á. Ó wo bí mo ṣe fi ọwọ́ méjèèjì júwe rẹ̀, ó ní ṣé ẹní ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ ni. Mo ní lẹ́tà ni, ọmọ tí mo ń kọ ọ́ sí ló tóbi.

Mo mọ ohun tó o fẹ́ gbọ́. O fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì ń bọ̀ wá kó ẹrù rẹ wálé. Fara balẹ̀. Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ìyá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní bí mo bá fo ibì kan, òun á gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a gbọ́ pé ojú rẹ ń ṣú, pé dókítà sì ti rí ìdí rẹ̀, tó ní mọ́típù sìkìlẹ̀rósíìsì ni, ilé wa dàrú. Orúkọ yẹn gùn ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá wá gé e kúrú, ẹ ń pè é ní ẹ́mù-ẹ́ẹ̀sì, bí ẹni tó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àǹtí rẹ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní ọmọ tí ojú ń dùn kò gbọ́dọ̀ máa dá gbé láàárín ọkọ̀ àti ilé gogoro, ó ní kí n lọ mú ọ wálé kí o wá jókòó. Ìyá rẹ fọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé àga onítìmùtìmù síbẹ̀, ó ní o kò ní ṣe nǹkan kan mọ́, kódà o kò ní gbá ilẹ̀. Wọ́n wá gbé àpótí ńlá kan fún mi, àpótí òfìfo, pé kí n fi kó ẹrù rẹ bọ̀. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ, mo ní ẹ̀bùn ló wà nínú rẹ̀. O gbà á lọ́wọ́ mi, o rí i pé ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, o wò mí, o gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, o sì lọ gbé omi wá fún mi. Láti ọjọ́ yẹn ni o ti ń fi ọgbọ́n bi mí bóyá ẹ̀bùn náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ téèpù yẹn ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, o wọ ilé ìwẹ̀, awò ojú rẹ wà lórí tábìlì. Mo rí i pé ojú kan mọ́, èkejì ṣú dùdù, téèpù ni ẹnì kan lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ mi. Bí mo bá fẹ́ kun fèrèsé, mo máa ń lẹ téèpù mọ́ gíláàsì kí ọ̀dà má bàa ta sí i, bí iṣẹ́ bá sì parí, mo máa ń yọ ọ́. Akunlé tó bá fi téèpù sílẹ̀ lójú gíláàsì onílé, ọ̀bùn ni. Ojú gbà mí tì fún ẹni tó ṣe awò náà. Mo ní ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ dé ìdajì tí wọ́n sì ń gbowó odidi. Mo fi èékánná ká a kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo yọ àkísà tó máa ń wà lápò mi, mo mí èémí sí gíláàsì yẹn, mo dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Inú mi dùn. Mo ní ó kéré tán, mo ti ṣe nǹkan kan fún ọmọ mi.

O jáde, o wọ awò, o dúró gbagidi. O kúnlẹ̀, o kí mi káàárọ̀. O tún sún díẹ̀ sápá ọ̀tún, o kúnlẹ̀, o tún kí mi káàárọ̀. O ní ti àkọ́kọ́ fún bàbá òun, ìkejì fún ìbejì bàbá òun tó dúró tì wọ́n, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun rí. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kan! O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀, èmi sì dúró bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Lẹ́yìn náà lo wá là á yé mi pé ojú rẹ méjèèjì kì í wo ibì kan náà mọ́, ohun kan ṣoṣo a di méjì, àtẹ̀gùn a di méjì, ọkọ̀ tó ń bọ̀ a di méjì, o kò sì ní mọ èyí tó yẹ kó o sá fún. Téèpù yẹn ló ń pa ojú kan lẹ́nu mọ́ kí èkejì lè ráyè sọ̀rọ̀. O ní bí ẹni méjì bá ń ro ẹjọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí ẹnì kan dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ògbólógbòó adájọ́!

O wá mú téèpù míì, o fi ìka wọ̀n ọ́n, o gé e, o lẹ̀ ẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, téèpù ni mo fi tọ́ ọ dàgbà, nítorí náà mo lẹ́nu láti sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ kankan kò wọ abẹ́ rẹ̀. Etí rẹ̀ gún gbọọrọ. Mo ti kọ́ ọmọṣẹ́ tó lójú méjèèjì tí kò lè lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi gba òmìnira.

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ọ́ dáadáa. Mo rí i pé ní àràárọ̀ o máa ń gbé ìdérí ìgò pupa kan sókè, o máa ń fi ojú ọ̀tún wò ó, o máa ń fi ti òsì wò ó. O ní lójú ọ̀tún ó pupa bí ó ṣe yẹ, lójú òsì ó dà bí ọ̀dà tí wọ́n bomi là jù. Ìyẹn yé mi wàràwàrà. Mo ní ta ló ń bomi là á? Mo ní kí o sọ fún wọn ní ilé ìwòsàn pé inú agolo kan náà ni kí wọ́n ti máa bù ú.

Àti ọ̀pá rẹ! O kò sọ fún wa nílé pé wọ́n ti fi ọ́ jẹ oyè. A jáde sí títì, o fa ọ̀pá funfun kan yọ nínú báàgì, ó ń nà tọọrọ bí agbòòrùn, bí o sì ṣe nà án síwájú, àwọn èèyàn ń yà. Ọkọ̀ dúró. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù tó ń sáré bọ̀ fà sẹ́yìn, ó ní kí o jọ̀wọ́ kọjá. Èmi tí mo ti kun ilé fún oríṣiríṣi ọlọ́lá, ẹnì kan kò dá ọkọ̀ dúró fún mi rí. Mo fa èjìká mi sókè, mo ń rìn lẹ́yìn rẹ, mo ń kí wọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àǹtí rẹ ti gbọ́ nípa ọ̀pá yìí, ó ti ń sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà mọ́ ọmọ wa lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ báńkì ni n kò tíì lóye tán. O kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, o kàn fi wáyà bọ etí, o ki ìdí rẹ̀ bọ ara ògiri, ògiri sì ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún ọ. O tẹ ibì kan, ó pọ owó jáde. Mo fi etí tèmi lé ògiri náà, bóyá ó ní ọ̀rọ̀ kan fún mi, àwọn tó tò sẹ́yìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Ògiri yẹn mọ ẹni tí a ń pa àṣírí fún. Ti obìnrin inú fóònù rẹ ló ń kọ mí lóminú. Ó ṣiṣẹ́, mo gbà, kì í sinmi, mi ò sì rí i kó jẹun rí. Ṣùgbọ́n a wà nínú ọkọ̀ níjọ́sí, ó kígbe iye tó kù nínú àpò báńkì rẹ sí gbogbo èrò. Ẹni tí kò lè pa ẹnu mọ́ kò yẹ ní ẹni tí à ń bá gbé. Bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, má bá a jà, torí òun náà ọmọ ẹnì kan ni.

Mo jókòó ní ọ́fíìsì rẹ pẹ̀lú, níbi tí àwọn tí omi kò yọ nílé wọn ti ń pè yín láti bú yín. Mo rí ojú kọ̀ǹpútà rẹ tó dúdú, tí lẹ́tà funfun rẹ̀ tóbi bí páànù òrùlé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gba gbogbo ojú rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ kan lẹ̀ ń kà lóòjọ́, mo ní iṣẹ́ yìí mà dẹ̀ o. Mo wá rí bí o ṣe ń yí i lọ fìrìfìrì, ètè rẹ ń lọ, ìka rẹ ń lọ, fáànù ń fẹ́ sí ọ lọ́rùn. Ọkùnrin kan pariwo sí ọ létí débi pé èmi náà ń gbọ́ ọ láti orí àga mi. O kò pariwo padà. O ń pè é ní bàbá, o ń bi í bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń rí omi fọ aṣọ, títí ohùn rẹ̀ fi wálẹ̀, tó dúpẹ́, tó ní kí o bá òun kí àwọn ará ilé. Mo dìde, mo ní a dúpẹ́ o.

Ṣùgbọ́n ohun tí n kò ní gbàgbé ni ọ̀sán tí oòrùn mú wa níbùdókọ̀. O ní kí n dúró. O ní ojú ti ń lọ, bí àtùpà tí wọ́n ń yí wálẹ̀. O fara ti ògiri, o da omi inú ìgò rẹ sí aṣọ, o fi wé ọrùn.  Mo fẹ́ ké sí àwọn èèyàn, mo fẹ́ gbé ọ sẹ́yìn bí ìgbà tó o wà lọ́mọdé, mo sì ń ronú àpótí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní àǹtí rẹ mà jàre. O di ọwọ́ mi mú, o ní kí n má bẹ̀rù, ooru ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, o ní ojú náà kò lọ ibì kankan, ó ń sinmi ni. O wá ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, o ní kí n tún fìlà mi dé dáadáa, ó ti wọ́. Mo mọ̀ pé ojú ti dé.

Dókítà rẹ náà ṣe dáadáa sí mi. Mi ò mọ̀ pé ọmọdébìnrin lè mọ ìwé tó báyẹn. Wọ́n tì ọ́ bọ inú ẹ̀rọ rìbìtì kan tó ń lu gbà-gbà-gbà, mo ní kí wọ́n fún un ní gírísì. Wọ́n wá fi àwòrán ọpọlọ rẹ hàn wá. Ó wù mí púpọ̀, mo tọrọ ẹyọ kan tí a máa gbé kọ́ sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bàbá mi, torí mo rò pé iwájú orí wọn jọra. Mo rí àmì funfun tó tò síbẹ̀ tótòtó, mo ní ta ló ta ọ̀dà sí i. Dókítà ní ọ̀dà kọ́. Ó ní ara ní àwọn ọlọ́dẹ tó ń lé àrùn, ṣùgbọ́n tìrẹ ṣìnà, wọ́n ń bó rọ́bà ara wáyà tó lọ láti ojú sí ọpọlọ. Mo ní kí wọ́n lé wọn kúrò níṣẹ́. Ó ní kò ṣeé ṣe, àwọn náà ló ń lé ikọ́, òògùn tí o ń gbà kàn ń fà wọ́n lọ́wọ́ sẹ́yìn ni. Mo wá bi í pé wáyà tó ti bó ńkọ́, ṣé kò sí téèpù tí wọ́n lè fi wé e, bí àwọn oníṣẹ́ iná ti ń ṣe. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rín. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó ní téèpù yẹn gan-an ni gbogbo àwọn ń wá.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, o gbé àpótí wá fún mi, o bi mí bóyá kí o máa kó ẹrù sí i. Ọwọ́ rẹ ò kúrò lórí ìdérí rẹ̀. Mo ní jẹ́ kí n kọ́kọ́ délé.

Mo délé. Àǹtí rẹ ṣí àpótí, ó bojú wo inú rẹ̀, ó ní àbí ọmọ náà ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Mo rò fún wọn, mo rò ó títí itọ́ gbẹ lẹ́nu mi. Ìyá rẹ ń sunkún, àǹtí rẹ ní ẹni tó lè ṣe gbogbo ìyẹn níbẹ̀ lè wá jókòó sójú kan nílé. Ẹnu mi kò ká wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Mo fà á lọ́wọ́ lọ sórí àga onítìmùtìmù yẹn, mo ní kó jókòó, kó má ṣe nǹkan kan. Ó rò pé ìfẹ́ ni, ó rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ dìde lọ bu omi, mo ní rárá, mo bù ú wá, mo gbé ife sí i lẹ́nu. Ó fẹ́ gé ewébẹ̀, mo gba ọ̀bẹ. Ó fẹ́ lọ ẹ̀yìnkùlé, mo dì í ní ìgbọ̀nwọ́, mo ń sọ fún un ibi tí òkúta wà ní àgbàlá tí òun fúnra rẹ̀ ń gbá lójoojúmọ́. Àǹtí rẹ wọlé, ó rí i lórí àga, ó rí mi tí mo ń fi ìwé fẹ́ ẹ, ó ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún. Ó ní yéè, ìyàwó wa, kí ló dé, ṣé àìsàn náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ ni! Ìyá rẹ fò dìde. Ó ní ṣé òun kú ni? Ó ní ẹni tó bá tún fẹ́ ìwé sí òun á rí nǹkan. Ó lé wa méjèèjì jáde, ó gba ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sì gbá àgbàlá tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí oúnjẹ ń hó lórí iná, ó bi mí pé ṣé báyìí ni òun ṣe fẹ́ kí ọmọ òun wà.  Ó dìde, ó gbé àga náà kúrò ní yàrá ẹ̀yìn padà sí pálọ̀. Àǹtí rẹ bá a gbé apá kan rẹ̀. Àpótí wà ní ẹ̀yìnkùlé, adìẹ ti yé sínú rẹ̀, ó sì ń sàba, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ tún fẹ́ wá kó ẹrù rẹ, àfi kó kọ́kọ́ bá adìẹ sọ̀rọ̀.

Dúró sẹ́nu iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá kó ọ.

Ṣùgbọ́n wá kí wa nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Mo ti fi ọ̀dà funfun kun etí gbogbo àtẹ̀gùn, mo kun ẹnu kànga, mo kun òkúta àgbàlá, mo sì kun ewúrẹ́ dúdú tó máa ń sùn lẹ́nu ọ̀nà, kí o má bàa tẹ̀ ẹ́. Ó bínú sí mi fún ìgbà díẹ̀. Àǹtí rẹ ti búra pé òun ò ní sunkún lé ọ lórí, bí ẹkún bá dé sí i, á lọ sun ún lọ́dọ̀ alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́. Ẹnikẹ́ni kò ní dì ọ́ mú, àfi bó o bá na ọwọ́.

Owó díẹ̀ ni mo wá ń tọrọ, torí ewúrẹ́ yẹn gba ọ̀dà ju bí mo ṣe rò lọ, ó sì ku ilẹ̀kùn. Má fi í ránṣẹ́ látinú fóònù, obìnrin rẹ á kéde rẹ̀. Fi í rán awakọ̀ tó bá ń bọ̀ lápá ibí. Ọ̀nà rẹ á là. Ọ̀pá rẹ kò ní fọ́. Ohun tó o bá ń wá kò ní di méjì mọ́ ọ lójú, àfi bó bá jẹ́ ayọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, Akunlé.

Mo ti ń ká lẹ́tà yìí kí n tó rántí. Rọra tú u, téèpù kan wà láàárín rẹ̀. Tèmi ni, èyí tí mo ń fi ṣe fèrèsé àwọn tó mọ iṣẹ́. Kì í wú, kì í fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀. Máa fi ṣe awò rẹ. Bí o bá sì padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, bá mi sọ fún un pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí téèpù wáyà yẹn, kí wọ́n má wulẹ̀ wá ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́ kiri. Kí wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ọwọ́ mi kò ní gbọ̀n.